Ẹ̀rọ Tí Kò Mọ Àgbà Lójú Ọpọ́n Ayò

Ọjọ́ tí Músíọ̀ Etiẹ́nì kọ́kọ́ wọ bíró wa ní Àjàṣẹ́, kò tí ì kí wa tán tó fi béèrè pé, "Ta ló mọ ayò ta nínú yín?"

Gbogbo wa dáwọ́ ẹ̀rọ tí a ń tẹ̀ dúró. Kì í ṣe pé a kò mọ̀ ọ́n ta. Ọ̀rọ̀ ayò kì í ṣe ọ̀rọ̀ bíró ni. Kò tí ì pẹ́ tí Dàhòmẹ̀ gba òmìnira nígbà náà, gbogbo wa ló sì ń ṣọ́ ara wa kí a má baà dà bí ará oko lójú ọ̀gá. Ẹnì kan wá wọlé, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó de táì, ayò ló ń béèrè. Ọ̀rẹ́ mi tó jókòó tì mí fi ẹsẹ̀ gbún mi lábẹ́ tábìlì, nítorí ó mọ̀ pé ẹnu mi kì í gbọ́ràn sí mi.

"Èmi mọ̀ ọ́n ta," ni mo wí.

"Ṣé ọ̀ta ni ọ́ tàbí ọ̀pẹ?"

Ọ̀ta ni à ń pe ẹni tó mọ ayò dunjú, ọ̀pẹ sì ni ẹni tí wọ́n máa ń jẹ bí ẹni jẹ ẹ̀pà.

"Ọ̀pẹ ni mí, músíọ̀. Bàbá mi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi ló ń jẹ mí."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní irú ẹni tí òun ń wá gan-an nìyẹn, ẹni tó lè pàdánù kó sì sọ ọ́ jáde. Bí wọ́n ṣe yọ èmi Àbíkẹ́ kúrò nídìí iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe láti ìgbà tí mo jáde ilé-ìwé nìyẹn. Iṣẹ́ náà kò le, ṣùgbọ́n ó ń súni. Bí orúkọ òṣìṣẹ́ ìjọba bá dé ọ̀dọ̀ wa, a ó tẹ̀ ẹ́ lórí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á sì lu ihò kéékèèké sí ara páálí pẹlẹbẹ kan. Ihò kọ̀ọ̀kan ní ohun tó ń sọ, ẹ̀rọ mìíràn ló sì máa ń kà á. Àwa kì í kà á. Láti òwúrọ̀ títí a ó fi ṣíwọ́, orúkọ ẹni tí a kò mọ̀ la ń lù mọ́ páálí, kò sì sí ẹni tó máa bi wá pé kí la rí sí i.

Ọmọ Àjàṣẹ́ ni Músíọ̀ Etiẹ́nì. Ẹ̀yà Gùn ni bàbá rẹ̀, Nàgó, ìyẹn Yorùbá ìhà ọ̀dọ̀ wa, ni ìyá rẹ̀. Ó ti lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣirò ní ilẹ̀ Faransé, ó sì ti padà wálé wá ń kọ́ àwọn ọmọ ní líìsẹ́, ìyẹn ilé-ìwé girama. Nígbà tó wà lọ́hùn-ún, ó rí ẹ̀rọ kan tó tóbi tó yàrá méjì, irú èyí tí gbogbo ayé ń pè ní kọ̀ǹpútà báyìí. Àwa ń pè é ní ọ̀dínátọ̀, bí àwọn Faransé ṣe ń pè é. Músíọ̀ Etiẹ́nì fẹ́ kọ́ ọ ní ayò. Kì í ṣe kí ẹ̀rọ náà ta ayò o. Ohun tó ń fẹ́ kéré jùyẹn lọ, ó sì le jùyẹn lọ. Ó fẹ́ kí ẹ̀rọ náà wo bí ọmọ ayò ṣe wà nínú ilé méjèèjìlá, kó sì sọ ẹni tí ayò ń gbè.

"Bí o bá yọjú síbi tí wọ́n ti ń ta ayò," ló wí fún mi, "tí o kò mọ ẹni tó ti jẹ ẹnì kejì tẹ́lẹ̀, ìwọ náà máa ń wo ojú ọpọ́n, wàá sì mọ̀ pé eléyìí ti wọ gàù. Báwo lo ṣe ń mọ̀ ọ́n?"

Mo rò ó títí mo fi délé. Mo rò ó bí mo ṣe ń gé ẹ̀fọ́, ìyá mi sì kígbe pé ṣé ìka ọwọ́ mi ni mo fẹ́ fi se ọbẹ̀ náà ni.

Olùkọ́ rẹ̀ àtijọ́ tó wà lọ́hùn-ún ló ń bá a fi páálí sí ẹ̀rọ náà lẹ́nu. Èmi ni mo ń lu ihò sí àwọn páálí náà ní Àjàṣẹ́, ọkọ̀ òfúrufú á gbé wọn lọ, èsì á sì padà dé lórí bébà gígùn. Ṣùgbọ́n olùkọ́ náà ti kìlọ̀ fún un. Àwọn tó ń tò dúró de ẹ̀rọ náà pọ̀, àwọn tó ń ṣírò afárá, àwọn tó ń ṣírò ìgbì òkun, ojú sì ń tì í láti máa sọ fún wọn pé ayò àwọn ará Áfíríkà ló wà lórí ẹ̀rọ. Bí ọdún ilé-ìwé bá fi parí tí kò sí ẹ̀rí pé ẹ̀rọ náà mọ ojú ayò wò, wọn yóò fi àyè náà fún ẹlòmíràn. Títí di ìgbà náà ni ọ̀gá wa yá mi fún Músíọ̀ Etiẹ́nì. Bí ó bá já sí asán, orúkọ àti ihò ni mo ń padà sí.

N kò fẹ́ padà. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ tuntun yìí débi pé ẹ̀rù ń bà mí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe é. Bí ọmọ ayò bá ṣe wà nínú ilé wọn ní àsìkò kan, èyí ni àwa ń pè ní ìdúró ayò. Bí a bá fi ìdúró ayò kan ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ, nọ́ńbà kan ló máa fi dáhùn. Bí nọ́ńbà náà bá ga, ẹni tí ayò kàn láti ta ni ayò ń gbè. Bí ó bá lọ sílẹ̀ ju òdo lọ, onítọ̀hún ti wọ ìjàngbọ̀n. Ọwọ́ mi ni ó kù sí láti mọ̀ bóyá òótọ́ ló ń sọ. Mo máa ń gbé ọpọ́n tọ àwọn tó mọ ayò lọ, mo máa ń to ìdúró náà síbẹ̀ gẹ́lẹ́ bí ó ṣe wà lórí bébà, mo sì máa ń bi wọ́n pé, "Ta ni ayò ń gbè?" Lẹ́yìn náà, àwọn méjì á jókòó, wọn á ta á láti ibẹ̀ dé òpin, kí a lè rí ẹni tó máa jẹ.

Ìdí igi máńgòrò kan ní àdúgbò Tokpota ni mo ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Bàbá Lásísì ló ni ìdí igi náà, káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì, òun náà ló sì gbẹ́ ọpọ́n tí wọ́n ń ta. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n sí ọ̀ta láti Àjàṣẹ́ dé Avrankou. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo kí wọn bí bàbá mi ṣe kọ́ mi.

"Mo kí ọ̀ta, mo kí ọ̀pẹ o."

"Ọ̀ta ń jẹ́," ni Bàbá Lásísì dáhùn láìgbé ojú sókè. "Ọ̀pẹ kò gbọdọ̀ fọhùn."

Ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ ni Dọ̀sú, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fi kẹ̀kẹ́ gbé èrò kiri ìgboro. Dọ̀sú pa ẹnu mọ́ lóòótọ́. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Mo bi Bàbá Lásísì pé báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ayò ń gbè wọ́n.

"Ìdí mi ló máa ń sọ fún mi," ló wí. "Bí ayò bá dára, àga máa ń rọ̀. Bí kò bá dára, àga á wá le koko."

"Bàbá, n kò lè lu ìyẹn mọ́ páálí."

"Ìyẹn kù sọ́wọ́ ẹ̀rọ yín."

Mo bi Dọ̀sú. Ó ní òun máa ń ka ọmọ ayò tí òun ti jẹ sápò ni. Mo bi ọkùnrin kan tó ń ta iṣu, ó ní ilé tó bá ní ọmọ kan tàbí méjì ni òun máa ń wò, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀tá ń gbà wọlé. Òmíràn ní odù ni òun ń wò, ìyẹn ilé kan tí ènìyàn kó ọmọ ayò jọ sí tó ga bí òkìtì, tó jẹ́ pé bí ó bá tú u, yóò yí gbogbo ọpọ́n ká. Àwọn tó ti jọ ń ta ayò láti ìgbà ọmọdé ni wọ́n, ojú ọpọ́n kan náà ni wọ́n sì jọ ń wò, ṣùgbọ́n ohun tí kálukú ń rí níbẹ̀ yàtọ̀. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé láti lọ sí bíró lọ́jọ́ kejì.

Èsì àkọ́kọ́ tó dé láti ilẹ̀ Faransé burú. Ahun ni ẹ̀rọ náà. Ọmọ ayò tó ti wọ àpò nìkan ló mọ̀. Bí ẹnì kan bá ti jẹ púpọ̀, ẹ̀rọ á ní òun ni ayò ń gbè, ì báà jẹ́ pé odù tó máa run ún ti wà lọ́wọ́ ẹnì kejì. Nígbà tí mo sọ fún àwọn ará Tokpota, wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Dọ̀sú ní arákùnrin òun ni ẹ̀rọ náà.

Músíọ̀ Etiẹ́nì kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò bínú náà. Ó ní kí n sọ gbogbo ohun tí wọ́n wí fún òun, ti odù, ti ilé olọ́mọ-kan, ó sì yí ìṣirò rẹ̀ padà. Ó fi ìwọ̀n kan fún odù, ó sì fi ìyà jẹ ilé tí kò ní ààbò. Nígbà tí èsì kejì dé, ẹ̀rọ náà ti lajú díẹ̀. Nígbà tí ẹ̀kẹta dé, mo ń rí ìdúró tí ẹ̀rọ àti ìdí igi máńgòrò jọ ń sọ ohun kan náà nípa rẹ̀. Mo máa ń gun kẹ̀kẹ́ Dọ̀sú délé nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, n ó sì máa kọrin ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn rẹ̀.

Wàhálà kan ṣoṣo ló wà, n kò sì kà á sí wàhálà nígbà náà. Àwọn ọ̀ta kì í fẹ́ wo ìdúró ayò tí kò ní ẹni. Mo kọ́kọ́ rí i ní ọjà Avrankou. Mo to ọpọ́n, mo béèrè ìbéèrè mi, àwọn àgbẹ̀ tó wà níbẹ̀ kàn ń wò mí.

"Ta ló ta á débí?" ni ọ̀kan nínú wọn béèrè.

"Kò sẹ́ni tó ta á. Láti orí bébà ni."

"Ayò tí kò sẹ́ni tó ta á? Ta ló wá jókòó níhìn-ín? Ta ló jókòó lọ́hùn-ún?"

Wọn kò dá mi lóhùn títí mo fi sọ pé kí wọ́n rò pé lágbájá ló wà níhìn-ín, tàmẹ̀dò ló wà lọ́hùn-ún. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ wọ́n létí, tí gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ pọ̀. Nítorí náà, nígbà tí mo padà sí Tokpota, n kò fi ọpọ́n sílẹ̀ lófìfo mọ́. Bàbá Lásísì á jókòó sí apá tirẹ̀, lórí àga rẹ̀ tó kọjú sí ọ̀nà. Dọ̀sú tàbí ẹlòmíràn á jókòó sí apá kejì. Èmi á wá to ìdúró ayò sáàárín wọn, n ó bi àwọn òǹwòran. Iṣẹ́ ń yá. Músíọ̀ Etiẹ́nì fúnra rẹ̀ wá wò wá, ó ní ó dára bẹ́ẹ̀, ó tilẹ̀ bá wọn dá sí i.

Ọdún ilé-ìwé ti ń lọ sópin nígbà tí ọ̀rọ̀ dojú rú. Ìdúró púpọ̀ wà tí ẹ̀rọ ní ẹni tó jókòó sí apá Bàbá Lásísì ti wọ gàù. Àwọn òǹwòran ní rárá, kò séwu, ayò ń gbè é. Bí wọ́n bá sì ta á, Bàbá ló ń jẹ. Bí mo ṣe ń to èsì ẹ̀rọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ènìyàn lórí bébà mi, ṣe ni ó dà bí ẹni pé ẹ̀rọ náà fọ́jú ní apá kan.

Músíọ̀ Etiẹ́nì jókòó sórí àga ní kíláàsì tó ti ṣófo, ó wo bébà náà pẹ́.

"Ó ti tán nìyẹn," ló wí. "N ó kọ̀wé sí olùkọ́ mi pé kí wọ́n fún ẹlòmíràn láyè."

"Ẹ má tíì kọ ọ́, músíọ̀."

"Kí ni n ó dúró dè?"

N kò mọ ohun tí yóò dúró dè. Mo kàn mọ̀ pé n kò fẹ́ kó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tó ń yọ mí lẹ́nu. Bí ẹ̀rọ bá fọ́jú, kí ló dé tó fi jẹ́ apá kan náà ló ń fọ́jú sí nígbà gbogbo? Ẹ̀rọ kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Mo sọ èyí fún Músíọ̀ Etiẹ́nì. Ó gbé orí sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri kíláàsì náà. Ó ní kí n lọ tún àwọn ìdúró náà béèrè, ṣùgbọ́n kí n yí ọpọ́n padà, kí n má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó tì í.

Dọ̀sú ni mo kọ́kọ́ mú. Ó ti gbé mi délé, mo fún un ní omi, mo sì gbé ọpọ́n bàbá mi síwájú rẹ̀ lórí pèpéle. Mo to ọ̀kan nínú àwọn ìdúró tó ń dá wa lágara, mo yí i padà.

"Ta ni ayò ń gbè, Dọ̀sú?"

Kò tilẹ̀ mu omi tán. "Ẹni tó wà lọ́hùn-ún. Ẹni ti ìhín ti kú."

"O ò sọ bẹ́ẹ̀ lánàá."

"Lánàá ńkọ́?"

"Ìdúró kan náà ni. Mo kàn yí i padà ni. Lánàá, o ní ẹni tí o pè ní òkú yìí ni ayò ń gbè."

Ó wo ọpọ́n, ó tún un wò, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ nu ojú.

"Dàdá Àbíkẹ́," ló wí, bí a ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin lọ́dọ̀ wa, "lánàá, Bàbá Lásísì ló jókòó síbẹ̀."

"Kí ló kan Bàbá nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ṣebí ẹ máa ń bú ara yín nídìí ayò. Mo ti gbọ́ tí o pè é ní ọ̀pẹ."

"Ẹ̀fẹ̀ nìyẹn. Ìwọ jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú lẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́, ohun tí mo bá sọ, ilẹ̀ Faransé ló ń lọ. Ṣé ẹnu tèmi ni òyìnbó máa ti gbọ́ pé Bàbá Lásísì ti kú?"

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ tún ta á, òun ló sì jẹ."

Ó gbé ife omi náà, kò mu ún. Mo ní kó sọ ọ́.

"Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú," ni Dọ̀sú wí, "ìdí igi yẹn nìkan ló kù tó ń jáde wá. Bí a bá rí ìjẹ, a máa ń ta ibòmíràn nígbà mìíràn. Kò sẹ́ni tó sọ pé ká ṣe é. Ó kàn di bẹ́ẹ̀ ni."

Mo sáré lọ bá Músíọ̀ Etiẹ́nì láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo rò pé inú rẹ̀ máa dùn, ó sì dùn, ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ bo ojú.

"Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀," ló wí. "Ọjọ́ tí mo wá. O bi mí, mo ní ayò ń gbe Bàbá Lásísì. Mo mọ̀ pé kò gbè é. N kò tilẹ̀ rò ó kí n tó sọ ọ́."

Ẹ̀kọ́ gbogbo tó kọ́ ní òkè òkun, ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ láti bọ̀wọ̀ fún àgbà ṣáájú. Àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín náà lọ, nítorí a rí ohun tó kàn. Bí a bá fẹ́ ẹ̀rí tí olùkọ́ lọ́hùn-ún máa gbà, àwọn ìdúró náà gbọ́dọ̀ di títa lẹ́ẹ̀kan sí i, níwájú gbogbo ènìyàn, láìsí ojúsàájú. A kò lè ṣe é lẹ́yìn Bàbá Lásísì. Ìdí igi rẹ̀ ni, ọpọ́n rẹ̀ ni, òun sì ni ọ̀ta tí ó ga jù níbẹ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ fún un.

Èmi ni mo sọ ọ́. Mo kúnlẹ̀ níwájú àga rẹ̀, Músíọ̀ Etiẹ́nì dúró lẹ́yìn mi. N kò dárúkọ Dọ̀sú. Mo ní, "Bàbá, a rí i pé àwọn ènìyàn kì í sọ òótọ́ fún wa bí ẹ bá jókòó síbẹ̀. Àti pé nígbà mìíràn, wọn kì í jẹ yín bí wọ́n bá rí ìjẹ. Nítorí wọ́n bọ̀wọ̀ fún yín ni. Ẹ má bínú."

Ó mú ọmọ ayò kan, ó ń yí i láàárín ìka.

"Láti ìgbà wo?"

"Ẹ dákun, Bàbá, ẹ má bínú."

"N kò béèrè bóyá kí n bínú. Láti ìgbà wo?"

"Wọ́n ní láti ìgbà tí Ìyá ti lọ."

Ó mi orí. Ó dùn mí débi pé mo fẹ́ ká gbàgbé ẹ̀rọ, ká gbàgbé ilẹ̀ Faransé, kí n padà sí ìdí orúkọ tí mo ń lù.

"Nígbà náà, èmi nìkan ni mo ti ń dá ayò ta," ló wí.

Ó na ọwọ́ sí bébà tí mo mú dání.

"Ẹ̀rọ yín yẹn, ó mọ ọjọ́ orí mi?"

"Rárá, Bàbá."

"Ó mọ orúkọ mi?"

"Kò mọ̀ ọ́n."

"Kí ló sọ nípa mi?"

Mo fi bébà hàn án, mo ka àwọn nọ́ńbà náà fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìhín, ó ní ẹ ti wọ gàù. Ìhín náà, bẹ́ẹ̀ ni. Ìhín, ó kù díẹ̀ kẹ́ ẹ là á já. Ó ń to ọpọ́n bí mo ṣe ń kà á, ó ń wo ìdúró kọ̀ọ̀kan fínnífínní, ó sì ń mi orí. Ní ibì kan, ó ní, "Irọ́ ló pa níbí. Mo ní odù." Ó fi ọwọ́ rẹ̀ ta á fún wa títí dé òpin, ẹ̀rọ sì pa irọ́ lóòótọ́ níbẹ̀. Ní àwọn ibi tó kù, kò jiyàn.

"Òun nìkan ló ń bá mi ta ayò," ló wí. "Ẹ pe gbogbo wọn wá lọ́la."

Lọ́jọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló ṣètò rẹ̀. Ó wọ inú ilé rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní kí n máa to ìdúró síta, kí n béèrè, kí ẹnikẹ́ni má ṣe jókòó tì í. Nígbà tí a béèrè tán, ó jáde wá, ó jókòó sí apá tí ẹ̀rọ ní ó ti kú, ó sì ní kí Dọ̀sú jókòó sí iwájú òun. Ó ní, "Ẹni tó bá rí ìjẹ tí kò jẹ, kó má tún wá sí ìdí igi mi."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta. Kò pẹ́ tí ọwọ́ Dọ̀sú fi dúró lókè ọpọ́n. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí ilé kan, ó fà á padà, ó ń lọ sí òmíràn.

"Mo rí i," ni Bàbá wí. "Jẹ ẹ́."

Dọ̀sú jẹ ẹ́. Ó tún jẹ lẹ́ẹ̀kejì, ilé mẹ́ta tó tẹ̀lé ara wọn. Nígbà tí ó yá, kò sí ilé tí Bàbá lè gbé tí kò ní fi ọmọ rẹ̀ fún ọ̀tá.

"Ó dà báwo?" ni Bàbá béèrè.

Dọ̀sú wo ilẹ̀. "Bàbá, ẹ ti kú."

"Tún un wí. Àwọn tó wà lẹ́yìn kò gbọ́."

"Ẹ ti kú, Bàbá."

Bàbá Lásísì na ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọọrọ, ó fẹ̀yìn ti igi, ó sì rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n tún ọpọ́n tò, òun máa fi ìyà jẹ ọmọ yìí. Ó sì fi jẹ ẹ́, nítorí ọ̀ta ni lóòótọ́. Ní ọjọ́ náà, ó jẹ, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n sì bú ara wọn títí oòrùn fi wọ̀.

Ẹ̀rí tuntun tí a fi ránṣẹ́ kò pé. Ẹ̀rọ ṣì ń pa irọ́ nípa odù, a sì kọ ìyẹn náà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi púpọ̀ ni òun àti àwọn ará Tokpota ti jọ rí ohun kan náà, nígbà tí wọn kò wo ojú ẹnikẹ́ni mọ́. Olùkọ́ náà dáhùn pé ẹ̀rọ lè máa bá ayò lọ. N kò padà sí ìdí orúkọ mọ́. Láti orí ayò ni mo ti bọ́ sí orí iṣẹ́ yíyẹ ìṣirò ẹ̀rọ wò ní bíró ìjọba. Iṣẹ́ mi kò ju ìbéèrè kan náà lọ: báwo la ṣe mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ? Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé kò sú mi rí.

Ọdún pọ̀ lẹ́yìn ìyẹn kí n tó fẹ̀yìn tì. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ ṣe àpèjẹ kékeré fún mi. Wọ́n ra pọ́dà olóòórùn dídùn àti aṣọ, wọ́n sọ̀rọ̀ dáadáa nípa mi, ọ̀kan tilẹ̀ sunkún. Nígbà tí wọ́n parí, mo dìde, mo dúpẹ́, mo wá bi wọ́n ní ohun tó wà lọ́kàn mi gan-an.

"Ibo ni iṣẹ́ mi ti kù díẹ̀ káàtó? Ẹ sọ fún mi, mo fẹ́ mọ̀."

Wọ́n wo ara wọn. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Kò sí, Màmá," ni wọ́n wí. "Kò sí rárá."

Mo wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ dáadáa ni gbogbo wọn, èmi ni mo tọ́ wọn. Mo jókòó padà, àga náà sì le koko lábẹ́ mi, bí Bàbá Lásísì ṣe máa ń wí.